Máàkì Mẹ́ta Péré: Ìdíje Ìbọn Creedmoor

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ bá ìpàdé gbogbogbòò sọ ṣáájú àjọ̀dún ọdún kẹwàá

   

Akọ̀wé fún wa ní ogún ìṣẹ́jú. A mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń retí ni kí Alukoro tún dìde kí ó ka iye tí aṣọ jẹ́, iye tí fìlà àti gèlè jẹ́, àti ẹni tí kò tíì san. A kò ní ka ìyẹn lónìí. Ìtàn ìdíje ìbọn kan la fẹ́ sọ, èyí tó wáyé ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1874. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láti ìpàdé tó kọjá tí a kò tíì parí, ìyẹn ọ̀rọ̀ orúkọ tí yóò wọ inú ìwé àjọ̀dún wa àti orúkọ tí kò ní wọ̀ ọ́. Ìtàn yìí yóò gbé wa dé ibẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ bá wa lọ.

Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti dúró ní Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá tí kò mọ òórùn ẹ̀tù. Bí àwọn ìdílé Balógun bá ti gẹṣin dé, tí àwọn ènìyàn wọn yin ìbọn ṣakabùlà sókè, èéfín funfun á gbòde, òórùn rẹ̀ á wọ agbádá, á bá wa délé. Ẹni tó bá fọ agbádá yẹn lẹ́ẹ̀mejì á ṣì máa gbọ́ òórùn náà. Ẹ̀tù dúdú nìyẹn: èédú, imí ọjọ́, àti iyọ̀ kan tí òyìnbó ń pè ní saltpetre, tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì pò pọ̀. Iyọ̀ yẹn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Irú ẹ̀tù yìí náà ni àwọn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lò. Inú ọ̀pá ìbọn ni ìyàtọ̀ wà.

Inú ọ̀pá ṣakabùlà dán bí inú ife. Ọta tó bá gba ibẹ̀ jáde ń lọ bí òkúta tí ọmọdé jù, kì í pẹ́ tí ó fi ń yà kúrò lọ́nà. Ìdí nìyí tí ọdẹ wa fi máa ń rìn sún mọ́ ẹran kí ó tó yìnbọn. Ọgbọ́n ọdẹ wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ti àwọn wọ̀nyí yàtọ̀. Wọ́n fa ilà wíwé sí inú ọ̀pá ìbọn láti ìdí dé ẹnu, bí ọta bá sì ti ń gba ibẹ̀ jáde, ilà yẹn á máa yí i. Ẹ rántí òkòtó tí a máa ń ta ní kékeré. Òkòtó tí kò yí kò lè dúró. Èyí tó bá ń yí kíkankíkan ló ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Bí ọta tó ń yí ṣe ń dúró lójú ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn, kì í dojú dé, kì í fì sọ́tùn-ún sósì, títí yóò fi dé ibi tí wọ́n rán an.

Báwo ni ibẹ̀ ṣe jìnnà tó? Yáàdì 1,000. Yáàdì tí ẹ mọ̀ náà ni, yáàdì aṣọ. Bí ẹni 200 bá ra ankara yáàdì márùn-ún márùn-ún, tí a so gbogbo rẹ̀ mọ́ ara wọn tí a sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn yìí lọ tààrà, ibi tí èyí tó gbẹ̀yìn bá parí sí ni àfojúsùn wà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án. Ní ọdún 1874, irin pẹlẹbẹ ni àfojúsùn náà. Ojú àárín rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta níbùú lóròó, ẹni tí ọta rẹ̀ bá bà á gba máàkì mẹ́rin. Ibi tó yí i ká jẹ́ máàkì mẹ́ta, etí irin jẹ́ méjì. Ẹni tí ọta rẹ̀ kò bá kan irin gba òdo. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lè dà bí ohun ńlá létí yín, ṣùgbọ́n láti yáàdì 1,000, kò hàn ju bí ohun tó fẹ̀ tó mìlímítà kan ṣe máa hàn sí yín láti mítà kan lọ. Wọn kò sì lo awò tó ń mú nǹkan sún mọ́ni lórí ìbọn. Ojú tí Ọlọ́run fún wọn ni.

Ọta náà wúwo, ẹ̀tù dúdú kò sì ní agbára bíi ti ẹ̀tù òde òní, nítorí náà ó ń lo tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lójú òfuurufú kí ó tó débẹ̀. Wọ́n ní láti na ẹnu ìbọn sókè kí ọta lè gòkè ju ilé alájà méjì lọ, kí ó tó máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀ sórí irin. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn, afẹ́fẹ́ ni ọ̀gá. Atẹ́gùn tí kò lè ṣí fìlà lórí ẹni lè ti ọta kúrò ní ojú àárín pátápátá. Ẹni tó ń díje kì í wo àfojúsùn nìkan; ó ń wo àsíá, ó ń wo koríko, ó ń wo ibi tí èéfín ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yìnbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń rọ́ lọ. Ojú ìbọn wọn ní ohun kékeré kan tí wọ́n ń rọra yí, bí ẹni ń wá ilé-iṣẹ́ rédíò, láti gbé e sí ọ̀tún díẹ̀ tàbí sókè díẹ̀.

Ẹ̀tù dúdú tún ní ìwà kan. Bí ó bá ti jó tán, ó máa ń fi ìdọ̀tí dúdú sílẹ̀ nínú ọ̀pá ìbọn, bí ìdí ìkòkò tí a fi igi dáná sí. Bí wọn kò bá fọ̀ ọ́ mọ́ dáadáa láàárín ìbọn kan sí èkejì, ọta kejì kò ní lọ síbi tí ti àkọ́kọ́ lọ. Nítorí náà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́: kí wọ́n nu ìbọn, kí wọ́n ki í, kí wọ́n wo afẹ́fẹ́, kí wọ́n yin ín, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a ń ka owó jẹun mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò ní ariwo, kò ní ijó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ kan, ìwé á sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a dé ibi ìtàn.

Ní ọdún 1873, àwọn ará Ireland gba Elcho Shield ní Wimbledon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n na England, wọ́n na Scotland. Inú wọn dùn, ó sì tọ́ kí ó dùn. Ọ̀kan nínú aṣáájú wọn, Major Arthur Leech, wá wò ó pé ó ku Amẹ́ríkà. Ó kọ̀wé ìpèníjà ránṣẹ́, ìwé ìròyìn New York Herald sì gbé e jáde: kí àwọn atamátàsé Amẹ́ríkà wá bá Ireland díje, kí ìbọn tí wọ́n máa lò sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà.

Nǹkan tó wà nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò tó nǹkan. Ọdún 1871 ni William Church àti George Wingate dá National Rifle Association sílẹ̀, nítorí wọ́n rí i lójú ogun pé àwọn sójà wọn kò mọ ìbọn yìn tó. Wọ́n ra oko ìdílé kan tó ń jẹ́ Creed ní Long Island, lẹ́bàá New York, wọ́n sọ ọ́ di pápá ìbọn, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1873. Creedmoor ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Àwọn tó gba ìpèníjà náà kì í ṣe ìjọba, kì í ṣe iléeṣẹ́ ológun. Ẹgbẹ́ ni. Amateur Rifle Club ni orúkọ wọn, ẹgbẹ́ tuntun tí kò tíì gbó tó tiwa yìí. Lọ́yà wà níbẹ̀, ọ̀gágun wà níbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀. Àwọn tó ti yìnbọn dé yáàdì 1,000 rí nínú wọn kò pọ̀. Wọn kò ní tó ọdún kan láti fi múra.

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ilé-iṣẹ́ méjì tó ń ṣe ìbọn, Remington àti Sharps, jókòó ti iṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà tí ẹgbẹ́ yàn níkẹyìn, Lewis Hepburn, òṣìṣẹ́ Remington ni; ọ̀kan, G. W. Yale, òṣìṣẹ́ Sharps ni. Àwọn méjèèjì ń ṣe ìbọn, wọ́n tún ń yin ín. Ní ti Ireland, John Rigby tó ń ṣe ìbọn ní Dublin ló ṣe ti gbogbo wọn, òun fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn mẹ́fà tó wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Ìbọn Rigby jẹ́ èyí tí wọ́n ń ki láti ẹnu, bíi ti ọdẹ tiwa: wọ́n á da ẹ̀tù sí i láti òkè, wọ́n á fi ọta tẹ̀ lé e, wọ́n á fi ọ̀pá tì í wọlé. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ èyí tí wọ́n ń ṣí ìdí rẹ̀ ki. Ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà ni pé ìbọn àkì-ní-ìdí dára fún ogun nítorí pé ó yá, ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn, tí a fẹ́ kí ọta bá ibi kan pàtó, ìbọn àkì-lẹ́nu ni bàbá. Nítorí náà ìdíje yìí ju ti orílẹ̀-èdè méjì lọ. Ayé ìbọn fẹ́ mọ èwo ni òtítọ́.

Ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1874 ni wọ́n pàdé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló jáde láti New York wá wòran. Ọ̀pọ̀ ará Ireland ló ti ṣí wá gbé ìlú náà, kò sì ní rọrùn fún wọn láti mọ ẹni tí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún. Ẹ bi àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí London léèrè bí ó ṣe máa ń rí bí Nàìjíríà bá pàdé England lórí pápá.

Ènìyàn mẹ́fà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù á yin ìbọn 15 láti yáàdì 800, á yin 15 láti 900, á yin 15 láti 1,000. Kò sí ohun tí wọ́n lè gbé ìbọn lé àfi ara wọn. Àwọn kan dojú bolẹ̀. Henry Fulton ti Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó gbé ọ̀pá ìbọn lé e. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ó fẹ́ sùn ni. Òun ló ṣe dáadáa jù lọ́jọ́ náà.

Bí wọ́n ti parí yáàdì 800, Amẹ́ríkà ní 326, Ireland ní 317. Máàkì mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣíwájú. Ní yáàdì 900, Ireland gba 312, Amẹ́ríkà 310. Àwọn àlejò ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ nìyẹn. Ó wá ku yáàdì 1,000.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ ti J. K. Milner. Ará Ireland ni, ọ̀gá sì ni. Nígbà kan láàárín ìdíje náà, ó wo afẹ́fẹ́, ó fa ìbọn, ọta rẹ̀ sì bá ojú àárín gan-an. Àmọ́ kì í ṣe àfojúsùn tirẹ̀ ni ó bá. Irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Wọ́n kọ òdo fún un. Àwa ará báńkì mọ irú rẹ̀: owó pé, owó mọ́, ìwé rẹ̀ dára, àkáǹtì ẹlòmíràn ló wọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ òdo yìí sọ́kàn, nítorí yóò padà wá.

Ní yáàdì 1,000, afẹ́fẹ́, èéfín àti àárẹ̀ ti dé sí gbogbo wọn. Àwọn tó ń wòran kò lè rí ibi tí ọta bà. Wọ́n á gbọ́ ìbọn, wọ́n á dúró, lẹ́yìn náà ni ẹni tó wà nínú yàrà lẹ́bàá irin á gbé àwo kan sókè láti fi hàn iye máàkì. Funfun ni ti ojú àárín. Ireland kọ́kọ́ parí tiwọn. Wọ́n ní 931. Amẹ́ríkà ní 930, ìbọn kan ṣoṣo ló sì kù fún wọn. Colonel John Bodine ló máa yin ín.

Bodine kì í ṣe ọmọdé, irun rẹ̀ ti funfun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Old Reliable, ìyẹn àgbà tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Oòrùn mú, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ẹnì kan gbé ìgò ọtí atalẹ̀ fún un. Bí ó ti fẹ́ ṣí i ni ìgò bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gé e, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ọwọ́ tó máa fi yìnbọn ni o. Ó fi aṣọ ìnujú wé e, ó dojú bolẹ̀, ó gbé ìbọn rẹ̀ sójú.

Ẹ jẹ́ kí a dúró síbẹ̀ ná, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó máa ń sọ ìtàn yìí máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ojú àárín nìkan ló lè gba Amẹ́ríkà là. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. 930 ni wọ́n ní. Bí ó bá bá etí irin lásán, méjì nìyẹn, 932, wọ́n borí. Ohun tó dúró níwájú Bodine kò ju pé kí ọta rẹ̀ ṣáà kan irin náà níbikíbi. Bí ó bá fò ó, máàkì kan ni wọ́n fi máa pàdánù. Lójú tiwa, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bani jù. Ẹni tí a ní kí ó ṣe iṣẹ́ ìyanu lè kùnà kí a sì kí i. Ẹni tí a ní kí ó ṣe ohun tó ti ń ṣe láti àárọ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó lè ṣe é, kò ní àwáwí kankan.

Ó fa ìbọn. Èéfín bò ó. Àwọn ènìyàn dúró, wọ́n ń wo iwájú. Àwo funfun gòkè. Mẹ́rin. 934 sí 931.

Gbogbo pápá hó yèè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń parí ìtàn náà sí, pé ọwọ́ Bodine tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ló gba ife. A kò ní kí wọ́n má kí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ń ṣe kì í jẹ́ kí a wo ìdí ìwé nìkan ká lọ sílé. A ní láti wo bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀. Máàkì gbogbo wọn wà lákọsílẹ̀ títí dòní.

Ti Amẹ́ríkà: Fulton 171, Yale 162, Bodine 158, Gildersleeve 155, Hepburn 149, Dakin 139. Ti Ireland: Rigby 163, Wilson 160, Hamilton 160, Milner 154, Johnson 150, Walker 144. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó rò ó pọ̀, yóò pé.

Ẹ wò ó dáadáa. Ní yáàdì 900, Ireland fi méjì ju Amẹ́ríkà lọ. Ní 1,000, wọ́n fi mẹ́rin jù wọ́n lọ, 302 sí 298. Ní ibi tó jìnnà, ìbọn àkì-lẹ́nu ló ṣe dáadáa jù. Máàkì mẹ́sàn-án tí Amẹ́ríkà kó pamọ́ láàárọ̀, ní yáàdì 800, ni wọ́n jẹ títí di ìrọ̀lẹ́, mẹ́ta ló sì ṣẹ́kù. Nítorí náà, àwa kò rò pé ìdíje yẹn fi hàn pé ìbọn kan dára ju èkejì lọ. Ohun tó fi hàn ni pé èyí tí wọ́n ń ki ní ìdí náà lè dúró níwájú ọ̀gá. Ó tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ojú tí ayé fi ń wo ìbọn yí padà. Òdo Milner ńkọ́? Ká ní ọta yẹn bá irin tirẹ̀ ni, Ireland á ní 935, ìtàn á yí padà, a kì bá má gbọ́ orúkọ Bodine.

Ó ku Dakin. Ọ̀gágun ni Thomas Dakin, ènìyàn ńlá ni ní Brooklyn. Òun ló gba máàkì tó kéré jù nínú gbogbo àwọn méjìlá. 139. Fulton fi 32 jù ú. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ á dùn láti gbé irú máàkì bẹ́ẹ̀ délé lọ́jọ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wá wòran. Ṣùgbọ́n ẹ yọ Dakin kúrò. Ó ku 795. Ẹ kó Fulton, ẹ kó Bodine àti ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀, 795 ni. Ireland ní 931.

Kí a tó padà sílé, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí Major Leech ṣe, nítorí ó wù wá gan-an. Ó fi ife fàdákà kan ta àwọn tó gbà á lálejò lọ́rẹ, pé kí àwọn atamátàsé Amẹ́ríkà máa fi díje láàárín ara wọn. Leech Cup ni wọ́n ń pè é, wọ́n ṣì ń díje fún un títí di òní. Nígbà tí Leech padà délé, ó kọ ìwé odidi kan nípa ìrìn àjò náà, ìrìn àjò tó fi máàkì mẹ́ta pàdánù. Ní ọdún 1875 Amẹ́ríkà bá wọn lọ sí Dollymount lẹ́bàá Dublin, wọ́n tún borí. Ní 1876, nígbà tí Amẹ́ríkà pé 100 ọdún, Ireland, Scotland, Canada àti Australia wá sí Creedmoor, ife Palma sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Òun náà ṣì wà.

Creedmoor fúnra rẹ̀ kò sí mọ́ bíi ti àtijọ́. Ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, ìlú sì ti yí i ká. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Queens, bí ẹ bá dé àdúgbò náà, ẹ ó rí òpópónà tó ń jẹ́ Musket Street, ẹ ó rí Pistol Street àti Winchester Boulevard. Àwọn tó ń fi ìbọn ẹ̀tù dúdú díje kò tíì tán láyé. Wọ́n ń pàdé ní Bisley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń pàdé ní Raton ní New Mexico, yáàdì 800, 900, 1,000 kan náà. Ní Raton, ẹni tó ń yìnbọn máa ń ní ẹnì kan tó jókòó tì í, tó fi awò wo afẹ́fẹ́ fún un, tó ń sọ fún un pé, dúró ná, dúró, ó yá. Máàkì ẹni tó yìnbọn ni ìwé á gbé jáde. Ẹni tó wo afẹ́fẹ́, kò sí ìlà tirẹ̀ lórí ìwé.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sí gbọ̀ngàn yìí.

Ní ìpàdé tó kọjá, wọ́n dá a lábàá pé orúkọ àwọn tó san owó àjọ̀dún pé pérépéré nìkan ni kí a tẹ̀ sínú ìwé. A gbọ́ ìdí rẹ̀, kì í sì í ṣe ìdí burúkú. Àwọn kan nínú yín yáwó kí ẹ tó san. Ó ń dunni láti san ohun tó ni yín lára, kí ẹ sì rí orúkọ ẹni tí kò san lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. A kò ní pe ìyẹn ní ahun, a kò sì ní sọ pé kí ẹni tó jẹ gbèsè má san. Àwa la máa sọ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, iṣẹ́ wa kò gbà á.

Ṣùgbọ́n ìwé méjì ni. Gbèsè ní ìwé tirẹ̀, ọwọ́ Akápò ló wà, kò sì ní parẹ́ níbẹ̀. Ìwé àjọ̀dún ń sọ ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni mọ́kànlá ni owó wọn kò pé. Ọ̀kan nínú wọn ló fi ọkọ̀ rẹ̀ kó àga àti ìbòrí lọ síbi ìpàdé wa àkọ́kọ́, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì ń kó o bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ọkọ̀ yẹn ti kú báyìí, iṣẹ́ tó fi ń jẹun sì bá a lọ. Ọ̀kan ló dúró ti ìdílé ẹlẹgbẹ́ wa tó ṣaláìsí ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, nígbà tí àwa yòókù wà níbi iṣẹ́. Ó ti san ìdajì. Bí a bá yọ àwọn mọ́kànlá yìí, a ó kọ "ọdún mẹ́wàá" sí iwájú ìwé, àròpọ̀ inú rẹ̀ kò sì ní pé.

Ohun tí Alukoro ń dábàá ni kí a tẹ orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bí olúkúlùkù ṣe wọlé tẹ̀léra, láìfi àmì kankan sí iwájú orúkọ ẹnikẹ́ni, kí Akápò sì máa bá àwọn mọ́kànlá sọ̀rọ̀ owó wọn ní ìkọ̀kọ̀ bí ó ti ń ṣe é. Ẹni tó san pé, kí Ààrẹ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ fún un, kí ó fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. A ti tẹ irú lẹ́tà náà kan, ó wà níwájú Akọ̀wé, ẹ lè wò ó.

Àwọn tó ń tẹ̀wé ń retí àkọsílẹ̀ orúkọ lọ́wọ́ wa ní ọjọ́ Ẹtì. Ogún ìṣẹ́jú wa ti pé, Akọ̀wé ti ń wo aago. Ààrẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe ìbò.